Àyẹ̀wò ọdún 2024: ọdún tí Bàbá fi ẹnu ọ̀nà sílẹ̀

Ẹ kú ìpalẹ̀mọ́ ọdún, ẹ̀yin tèmi. Ẹ ti ń béèrè pé àyẹ̀wò ọdún dà, torí n kì í pẹ́ tó báyìí. Mo fẹ́ to oṣù kọ̀ọ̀kan tẹ̀léra bí mo ṣe máa ń tò ó, ṣùgbọ́n oṣù tí mo rántí kò pọ̀. Oṣù Kìn-ín-ní, ìbúgbàù Bódìjà mi fèrèsé wa tìtì lálẹ́ ọjọ́ kẹrìndínlógún. Oṣù Kẹta, àwọn okùn íntánẹ́ẹ̀tì tó gba abẹ́ òkun kọjá bàjẹ́ lápá Abidjan, báńkì ò ṣiṣẹ́, èmi náà ò ríṣẹ́ ṣe. Lẹ́yìn ìyẹn, oṣù Kẹwàá ló kàn lọ́kàn mi, torí oṣù yẹn ni Bàbá lọ.

Ẹ mọ Bàbá. Ẹni tó bá ti ń ka mí láti ìgbà tí mo ti kó kúrò l'Ékòó padà sí Ìbàdàn mọ̀ wọ́n dáadáa. Akọ̀wé ìjọba ni wọ́n ní Sẹkitéríàtì Agodi títí wọ́n fi fẹ̀yìn tì. Nígbà tí mo gba iṣẹ́ ìṣirò owó tí mò ń ṣe fún àwọn ará Manchester, tí mo sọ pé yàrá mi ni n ó ti máa ṣe é, ìbéèrè kan péré ni wọ́n bi mí: "Aago mélòó ni wọ́n ń ṣí?" Mo ní aago mẹ́sàn-án. Láti ọjọ́ náà, kí aago mẹ́sàn-án tó lù, wọn á ti gbé àga wọn sí ẹnu ọ̀nà pálọ̀, pẹ̀lú rédíò àti ìwé ìkọ̀wé kan.

Mo ti gbọ́ oríṣiríṣi ìmọ̀ràn lórí bí èèyàn ṣe lè ṣiṣẹ́ nílé kó sì yanjú. Jí ní kùtùkùtù, wẹ̀, wọṣọ, gbé fóònù jìnnà, má ṣiṣẹ́ lórí ibùsùn. Òótọ́ ni gbogbo rẹ̀, mo sì ń ṣe é. Ṣùgbọ́n nínú ilé bíi tiwa, àwọn tó fẹ́ràn ẹni ló ń dá iṣẹ́ dúró. Lójú wọn, ẹni tó bá wà nílé lọ́sàn-án ọjọ́ Ajé ò níṣẹ́ lọ́wọ́. Àǹtí á ti Mọ́níyà wá kí yín, wọ́n á sì fẹ́ kẹ́ ẹ jókòó ti àwọn. Aládùúgbò á ní kẹ́ ẹ bá òun wo ọmọ títí òun á fi tọjà dé. Ta ló fẹ́ dìde kó sọ fún àbúrò bàbá rẹ̀ pé òun ò ráyè? A ò kọ́ wa bẹ́ẹ̀. Àgbà ló lè bá ọmọdé sọ ọ́ fún àgbà, àgbà tó wà nílé wa sì ti gbà á ṣe láìjẹ́ pé mo bẹ̀ wọ́n.

"Ó wà ní ọ́fíìsì," ni Bàbá máa ń wí. Yàrá náà wà lẹ́yìn wọn gan-an, àlejò ń gbọ́ ohùn mi níbi tí mo ti ń ṣe ìpàdé lórí Zoom, síbẹ̀ mo wà ní ọ́fíìsì. Wọ́n á fún àlejò lómi, wọ́n á bá a tàkúrọ̀sọ, wọ́n á sì kọ ọ́ sínú ìwé wọn: ọjọ́, aago, orúkọ, ohun tó bá wá. Bí mo bá pa kọ̀ǹpútà dé lálẹ́, wọ́n á na ìwé náà sí mi. Màá wá pe àwọn tó yẹ kí n pè, màá lọ kí àwọn tó yẹ kí n lọ kí. Ẹnikẹ́ni ò bínú sí mi. Iṣẹ́ ò sì yingin. Ìyá Ìbejì, aago mọ́kànlá, wá yá ọlọ. Ìyá Ìbejì, aago méjìlá, wá dá ọlọ padà. Ìyá Ìbejì, aago kan, ọlọ náà ni. Bí wọ́n ṣe kọ ọ́ nìyẹn, bí ẹni tó fẹ́ fi jábọ̀ fún gómìnà.

Ọjọ́ kẹrìnlá oṣù Kẹwàá ni àkọsílẹ̀ tó gbẹ̀yìn. Orúkọ kan ló wà níbẹ̀, kò sí ìdí àbẹ̀wò. Tàbí ó wà, n ò lè kà á ni. Ìkọ̀wé Bàbá, àfi ẹni tó bá wọn ṣiṣẹ́ l'Ágodi.

Ọ̀rọ̀ iná, gbogbo wa la jọ jẹ ẹ́, n ò ní pẹ́ níbẹ̀. Nígbà tí wọ́n gbé owó iná àwọn oníbàárà tó wà ní ìpele Band A dé ₦225 fún ìwọ̀n iná kan (kWh) lóṣù Kẹrin, pẹ̀lú ìlérí ogún wákàtí lójúmọ́, àdúgbò wa ò sí lára wọn: owó ò pọ̀ sí i, iná náà ò sí. Bàbá ló ní kí n fi owó tí mò ń tọ́jú ra sólà àti bátìrì. Wọ́n ní ẹni tó gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ẹni kì í fi òkùnkùn ṣe àwíjàre. Oṣù Kẹjọ la gbé e sórí òrùlé. Oṣù Kẹsàn-án, epo bẹntiróòlù gbéra láti ₦617 lítà kan, ó kọjá ₦850 nílé epo ìjọba pàápàá. Lálẹ́ ọjọ́ kẹrìnlá tí mo wí yẹn, iná gbogbo orílẹ̀-èdè dákú, ó tún dákú lọ́jọ́ kejì, ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Àwọn ará Manchester ò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀, torí mo wà lẹ́nu iṣẹ́.

Alẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun yẹn la gbé Bàbá lọ sílé ìwòsàn. Ìdájí ọjọ́ Jímọ̀ ni wọ́n dákẹ́, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀ la sin wọ́n. Lọ́jọ́ Àbámẹ́ta, iná orílẹ̀-èdè tún lọ, ilé wa nìkan ló mọ́lẹ̀ lójú pópó wa. Àwọn tó wá kí wa ń tò fóònù wọn síbi sólà tí Bàbá ní kí n rà. Ìyá Ìbejì gbé ọlọ dé láìsí ẹni tó béèrè rẹ̀, wọ́n lọ ata fún gbogbo ilé. Kí Ọlọ́run fi àlùjánà onídẹ̀ra kẹ́ Bàbá mi.

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá mi obìnrin, tó kọ̀wé sí gbogbo ẹgbẹ́ wa pé kí ẹnikẹ́ni má fi fáìlì ránṣẹ́ sí mi títí n ó fi fẹnu ara mi sọ pé mo ti dé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀yin tẹ́ ẹ wá sí àdúà ọjọ́ kẹjọ, pàápàá àwọn tó ti Abẹ́òkúta wá. Ọjọ́ kejìdínlọ́gbọ̀n ni mo padà sẹ́nu iṣẹ́. Ọjọ́ tó ṣáájú ẹ ni wọ́n yí aago padà ní Ìlú Ọba, nítorí náà aago mẹ́wàá wa ni mẹ́sàn-án wọn báyìí. Bàbá ló máa ń rán mi létí ìyípadà yẹn, lẹ́ẹ̀méjì lọ́dún.

Kò sẹ́ni tó jókòó sẹ́nu ọ̀nà. Èèyàn sì ń wá, torí ìkíni ọ̀fọ̀ kì í ní aago, mi ò sì fẹ́ kó ní. Mo ń fi alẹ́ parí ohun tí ọ̀sán ò jẹ́ kó parí, ó sì ń rẹ̀ mí.

Ṣùgbọ́n ohun kan ti ń ṣẹlẹ̀ nílé wa. Màmá ń ṣe opó, oṣù mẹ́rin àti ọjọ́ mẹ́wàá, wọn ò sì lè lọ sí ṣọ́ọ̀bù wọn ní Gbági. Wọ́n ní kí n kọ́ àwọn bí wọ́n ṣe ń ta aṣọ lórí WhatsApp. Wọ́n ti ń ya àǹkárá ní fọ́tò lójú fèrèsé níbi tí ìmọ́lẹ̀ ti dára, wọ́n ń fi ohùn dúnàá dúrà. Oníbàárà ń pè wọ́n di aago mẹ́wàá alẹ́. Mo ní kí wọ́n yan àkókò tí wọ́n á máa pa fóònù, wọ́n ní ọjà kì í ti ilẹ̀kùn. A ṣì ń bá àríyànjiyàn yẹn lọ. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, àǹtí mi ti Mọ́níyà dé nígbà tí mo wà nínú ìpàdé, mo sì gbọ́ ohùn Màmá ní pálọ̀: "Ẹ jókòó, àwa méjèèjì la wà níbi iṣẹ́."

Ọjọ́ kejì oṣù Kìn-ín-ní ni màá wọlé padà. Mo fẹ́ kí bátìrì kan kún èyí tó wà, mo sì fẹ́ ya yàrá iwájú sọ́tọ̀ fún ọjà Màmá, kí n má máa gbọ́ "ẹ̀dínwó dà?" nínú ìpàdé. Opó wọn á parí ní ìparí oṣù Kejì. Wọn ò tíì sọ bóyá àwọn á padà sí Gbági tàbí wọn á máa tajà nílé. Mi ò tíì bi wọ́n.

Ẹ kú ọdún, ẹ kú ìyèdún.