Níbi tí Cello ti Pe Orò ní Oró

Oṣù mẹ́jọ ni mo fi kọ orin kan fún okẹ́sírà, orin oníṣẹ́jú mẹ́sàn-án tí mo gbé ka ìlà kan ṣoṣo nínú oríkì ìlú mi: "Ìjàkadì lorò Ọ̀fà." Ohun tí mo fẹ́ ni kí cello, ohun èlò olókùn tí ó dà bí gòjé ńlá, sọ ìlà yìí bí ìyáàlù ṣe máa ń sọ ọ́. Nínú gbogbo ohun èlò okẹ́sírà, cello ni mo gbọ́ tí ohùn rẹ̀ sún mọ́ ti àgbàlagbà ọkùnrin jù lọ, ìka sì lè yọ̀ lórí okùn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, bí ìgbà tí onílù bá fún okùn awọ ara dùndún mọ́ apá tí ó sì tún dẹ̀ ẹ́.

Kò sí okẹ́sírà ní àrọ́wọ́tó mi ní Ìlọrin. Orí kọ̀ǹpútà nínú yàrá mi ní Tánkẹ́ ni mo ti ń kọ ọ́, pẹ̀lú MuseScore, ètò kọ̀ǹpútà ìkọ orin tí a kì í sanwó fún, tí ó sì máa ń lu ohun tí a bá kọ sí etí wa lójú ẹsẹ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀rọ yìí, ṣùgbọ́n ó máa ń tan ènìyàn jẹ. Kì í mí, ètè kì í rẹ̀ ẹ́, flute tí ó wà ní ìsàlẹ̀ ohùn rẹ̀ pátápátá a sì máa yọ ketekete láàárín trombone mẹ́ta, fèrè onídẹ ńlá tí ohùn wọn le, ohun tí kò lè ṣẹlẹ̀ nínú gbọ̀ngàn tí ènìyàn ti ń fọn wọ́n.

Nígbà tí mo parí rẹ̀, mo fi ránṣẹ́ sí àwọn ọ̀rẹ́ àti ẹbí. "Ó dùn gan-an" ni ọ̀pọ̀ wọn dá mi lóhùn. Inú mi dùn sí i fún ọjọ́ kan, lẹ́yìn náà ni mo rí i pé kò sí ohun tí mo lè fi ṣe. Mo wá yí ìbéèrè mi padà, mo bi àbúrò mi ọkùnrin pé: "Níbo gan-an ni ọkàn rẹ ti kúrò nínú orin náà?" Kò tilẹ̀ ronú. Ó ní nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ìṣẹ́jú kẹfà pé, òun ti bẹ̀rẹ̀ sí í wo fóònù. Mo padà síbẹ̀, mo sì rí i pé ohun kan náà ni violin àti clarinet ń sọ fún ara wọn ní ìgbà mẹ́rin. Mo gé ìṣẹ́jú kan dà nù níbẹ̀.

Ẹni tí ó ṣe orin náà lóore jù lọ kò mọ nọ́ọ̀tì kà. Bàbá onílù kan ni, tí ilé rẹ̀ wà ní ẹ̀gbẹ́ Ọjà-Ọba, tí ó ti ń lu dùndún láti ìgbà èwe rẹ̀. Mo lọ kí i ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú kan. Mo dọ̀bálẹ̀, ó fi "Ọmọ Ọlọ́fà Mọjọ̀" dá mi lóhùn, ó sì ní kí n gbé fóònù náà lé orí ẹní kí òun gbọ́. Ó di ojú. Ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà lórí orúnkún, ìka kan ṣoṣo ni ó sì ń rìn. Cello sọ ìlà náà lẹ́ẹ̀kan, ó mi orí. Cello sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ìka náà dúró. Ó la ojú, ó sì béèrè pé: "Ta ló dá Ọ̀fà lóró?"

Ọ̀rọ̀ náà kò yé mi. Ó ní kí n dá a padà. Nígbà tí a dé ibẹ̀, ó na ìka sí fóònù: "Ti àkọ́kọ́, ó ki Ọ̀fà. Èyí tó tẹ̀ lé e yìí, ó ní oró ni ìjàkadì jẹ́ fún wọn. Ìwọ gbọ́ ọ."

Mo gbọ́ ọ. Bí a bá fi dò-re-mí wọ̀n ọ́n, "Ìjàkadì" jẹ́ dò dò re dò, "lorò" jẹ́ re dò, "Ọ̀fà" sì jẹ́ dò dò. Bí mo ṣe kọ ọ́ fún cello ní ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn. Ní ìgbà kejì, mo fẹ́ ṣí ọ̀nà fún violin tí yóò wọlé lókè, mo sì gbé ìparí "lorò" láti dò lọ sí mí. Ní ojú ẹni tí ó kọ́ ìmọ̀ orin nínú ìwé, ìgòkè kékeré tí ó rẹwà ni. Ní etí Bàbá, orò ti di oró.

Ohun tí ó dùn mí ni pé kì í ṣe ohun tí mi ò mọ̀ rí. Thomas Ẹkúndayọ̀ Phillips, tí ó tẹ dùùrù fún ọ̀pọ̀ ọdún ní Kàtídírà Kristi ní Èkó, kọ ìwé kan lórí orin Yorùbá tí ó jáde ní 1953, ó sì ṣàlàyé níbẹ̀ pé ohùn ọ̀rọ̀ ni ó yẹ kí ó máa tọ́ orin sọ́nà. Mo ti kà á. Èrò mi ni pé orin tí a fi ẹnu kọ, bí orin ìyìn inú ìjọ, nìkan ni ọ̀rọ̀ náà kàn, àti pé níwọ̀n ìgbà tí kò bá ti sí akọrin, okùn àti fèrè lè lọ síbi tí ó bá wù wọ́n. Ó yẹ kí n ti rántí pé ìyáàlù náà kò ní ẹnu.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi wá ojútùú. Níkẹyìn mo jẹ́ kí cello rẹlẹ̀ sí ibi tí ọ̀rọ̀ ní kí ó rẹlẹ̀ sí, mo sì gbé ìgòkè náà fún viola, tí kò ní ìlà oríkì kankan láti sọ ní àsìkò yẹn. Violin ṣì rí ọ̀nà wọlé. Lẹ́yìn èyí mo ka orin náà láti òkè dé ilẹ̀, mo ń fi ẹnu pe ọ̀rọ̀ sí abẹ́ gbogbo ibi tí ìlà náà ti jẹ yọ, mo sì tún rí ibi mẹ́ta mìíràn tí mo ti ṣì í sọ.

Ẹnì kan tí ó ń fọn horn, fèrè onídẹ kan, ní Èkó ka àwọn ojú ìwé náà fún mi. Ìbéèrè kan ló kọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "Níbo ni kí n ti mí?" Mo ti fún horn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ní ohùn gígùn fún odindi bar méjìlélógún (bar ni ìpín kéékèèké tí a ń pín orin sí) láìsí ìsinmi. Ní ìwọ̀n ìlù 60 láàárín ìṣẹ́jú kan, tí ìlù mẹ́rin wà nínú bar kọ̀ọ̀kan, ìṣẹ́jú-àáyá 88 nìyẹn. Mo pín wọn sí méjì-méjì, kí àwọn kan máa mí nígbà tí àwọn kejì bá ń fọn.

Kì í ṣe gbogbo ìmọ̀ràn ni mo gbà. Bàbá fẹ́ kí gúdúgúdú máa lọ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, nítorí pé nínú ẹgbẹ́ dùndún, òun kì í dákẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé ìdákẹ́jẹ́ tí ó wà ní àárín orin náà ni mo kọ gbogbo ìyókù yí ká. Kò bá mi jiyàn, ṣùgbọ́n mo rí i pé kò tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ibì kan ló kù. Bàbá ní bí cello bá dé "Ọ̀fà", kò gbọ́dọ̀ tẹ dò méjèèjì bí ẹni tẹ dùùrù. Ó ní kí ohùn èkejì yọ̀ sílẹ̀ díẹ̀, bí ìyáàlù ṣe máa ń fà á. Olùdarí okẹ́sírà kan tí mo fi hàn ní bí cello mẹ́jọ bá yọ̀ pa pọ̀, ohùn wọn yóò dàrú, nítorí kò sí ọwọ́ méjì tí yóò yọ̀ ní ìwọ̀n kan náà. Mo gbà pé òótọ́ ni àwọn méjèèjì sọ. Ní alẹ́ àná mo kọ ibẹ̀ fún cello kan ṣoṣo, àwọn méje yòókù dákẹ́, mo sì fa ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ kan láti orí "Ọ̀" sí abẹ́ "fà".