Bọ́tà ló ba tzimmes mi jẹ́

Ìyá àgbà Júù kan ni mò ń tọ́jú ní Golders Green, ní Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà tí Rosh Hashanah, ọdún tuntun wọn, kù sí dẹ̀dẹ̀, Màmá ní ọwọ́ òun ò ká ìkòkò mọ́, kí n bá òun se tzimmes. Kárọ́ọ̀tì tí wọ́n fi oyin sè ni. Ó ní kí n gé e roboto bí owó wúrà, torí pé "mern" tí wọ́n ń pe kárọ́ọ̀tì ní Yiddish, èdè kan tí àwọn Júù ń sọ, tún túmọ̀ sí kí nǹkan máa pọ̀ sí i. Ti oyin, kí ọdún lè dùn ni. Èmi tí wọ́n fi oyin sọ lórúkọ, ta ló fẹ́ ṣàlàyé ìyẹn fún mi?

Kárọ́ọ̀tì kílò kan, ọ̀dùnkún méjì, omi ọsàn, sínámọ́nì díẹ̀. Ilé ti ń ta sánsán. Ni mo bá ju ṣíbí bọ́tà kan sí i, kó lè máa dán. Màmá rọra wọlé, ó rí bébà bọ́tà lórí tábìlì, ó dákẹ́. Ẹran màlúù la fẹ́ fi jẹ ẹ́, wọn kì í sì í da ẹran pọ̀ mọ́ wàrà tàbí ohunkóhun tó bá ti ara wàrà wá. Odindi ìkòkò kan ṣòfò. Ìkòkò tí wọ́n yà sọ́tọ̀ fún ẹran nìkan ni mo tún lò, ó wá di kí wọ́n bi rábì wọn léèrè ohun tí wọn yóò ṣe sí i.

Tó o bá ń dáná nílé wọn, béèrè kó o tó ṣí fíríìjì: ti ẹran ni àbí ti wàrà? Òróró ni kó o lò. "Pareve" ni wọ́n ń pe irú rẹ̀, kì í ṣe ẹran, kì í ṣe wàrà. Jẹ́ kí kárọ́ọ̀tì rọ̀ kó o tó da oyin sí i, torí oyin máa ń tètè jóná nídìí ìkòkò. Plọ́ọ̀mù gbígbẹ náà, ìgbẹ̀yìn ni. Mo ti tètè sọ ọ́ sí i rí, gbogbo rẹ̀ yòrò di ọbẹ̀ dúdú. Ṣí ọmọrí sílẹ̀ kí omi rẹ̀ fà. Iyọ̀ ṣín-ń-ṣín.

Ìkòkò kejì jinná kí oòrùn tó wọ̀. Mo ṣì ń bẹ̀bẹ̀ nígbà tí Màmá bú sẹ́rìn-ín. Ó ní ní Yiddish, ẹni tó bá sọ ọ̀rọ̀ kékeré di ńlá, tzimmes ló ń sè.