Àkàrà ni wọ́n ń jẹ ní Salvador o!

Mo ti dé láti ìlú Salvador ní Brazil o ẹ̀yin èèyàn mi, mi ò tíì tú báàgì tán tí màmá mi àgbà fi pè mí sí kíṣìnì n'Ìjẹ̀bú-Òde níbí, wọ́n ń rin ewùrà tí wọ́n fẹ́ fi se ìkọ́kọrẹ́, wọ́n ní kí ni mo jẹ lọ́hùn-ún. Mo ní àkàrà ni! Acarajé ni wọ́n ń pè é ní Salvador, ẹ̀wà lílọ̀ ni, epo pupa ni wọ́n fi ń dín in, ìyá tó tà á fún mi wọ aṣọ funfun báláú, ó là á láàárín ó ki edé gbígbẹ sí i. Ó dùn gan-an! Màmá dáwọ́ dúró, ewùrà ń kán lọ́wọ́ wọn, "Ta ló kọ́ wọn?" Mo ní àwọn èèyàn wa tí wọ́n kó lẹ́rú lọ ni. Wọn ò fọhùn. Nígbà tó yá wọ́n ní kí n tún un sọ látìbẹ̀rẹ̀.