Ẹ̀jẹ̀ Ni Wọ́n Fi Ṣe Ọrẹ fún Mi

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹ bá mi gbé Jésù ga! Mo wà láàyè! Mo ti délé, ọmọ wà lọ́mú bí mo ṣe ń tẹ ọ̀rọ̀ yìí, ìyá mi sì wà ní kíṣìnnì tí wọ́n ń gbé omi ìwẹ̀ mi kaná. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ gbààwẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń pe bàbá ọmọ lóru, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fowó ránṣẹ́ láìjẹ́ pé a tọrọ, mo rí gbogbo rẹ̀. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ rógun ẹ̀jẹ̀.

Ẹ mọ bí oyún yìí ṣe jẹ́, mi ò ní tún ìyẹn sọ. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọmọ ké ni ọ̀rọ̀ mi wà. Ọmọ ké, wọ́n gbé e hàn mí, ó jọ bàbá rẹ̀ títí dé etí. Ibi ọmọ jáde. Mo ní ó ti parí nìyẹn, àfi bí ẹ̀jẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ya. Dókítà ní ilé ọmọ ló ti rẹ̀, pé ó yẹ kó fún pọ̀ kó lè dí ojú àwọn iṣan ẹ̀jẹ̀, ṣùgbọ́n ṣe ló rọ̀ jọwọlọ. Nọ́ọ̀sì kan ń fọwọ́ méjèèjì tẹ ikùn mi mọ́lẹ̀, èkejì ń ka ẹ̀jẹ̀ ríru mi sókè, bó bá sì ṣe ń kà á ló ń wálẹ̀ sí i. Abẹ́rẹ́ ń wọlé, omi ń wọlé lápá méjèèjì. Òtútù mú mi débi pé eyín mi ń lu ara wọn. Ìgbà yẹn ni mo gbọ́ ohùn ẹnì kan lẹ́nu ọ̀nà: "O negative? Kò sí nílẹ̀ o."

Irú ẹ̀jẹ̀ tèmi nìyẹn. Ẹni tó bá jẹ́ O negative lè fún gbogbo ayé lẹ́jẹ̀, ṣùgbọ́n bó bá kan òun, ti O negative ẹgbẹ́ rẹ̀ ni dókítà máa ń wá. Nílẹ̀ wa níbí, àwọn tí Rhesus wọn (àmì positive tàbí negative tó ń tẹ̀ lé lẹ́tà irú ẹ̀jẹ̀) jẹ́ negative kò tó ẹnì kan nínú mẹ́wàá, ká tó wá sọ pé kó tún jẹ́ O. Ẹ̀jẹ̀ mìíràn wà nínú fíríìjì wọn, tèmi ni kò sí. Ọkọ mi wà ní kọ́rídọ̀ tó ń pe gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni mọ̀lẹ́bí wa kan, tí mi ò ní dárúkọ, ti lanu pé: "Ṣebí wọ́n ti kó gbogbo owó wọn fún ṣọ́ọ̀ṣì lásìkò ìkórè, kí ṣọ́ọ̀ṣì wá bá wọn wá ẹ̀jẹ̀."

Mà, ṣọ́ọ̀ṣì wá a. Ṣọ́ọ̀ṣì sì rí i.

Ọkọ mi kọ ọ́ sórí Wáásáàpù ẹgbẹ́ akọrin pé a ń wá O negative. Ẹ̀yin ará ìjọ wa mọ Bàbá Bíríkìlà. Àwọn ni wọ́n máa ń dúró ní ìparí ìlà àwọn bàásì, tí aṣọ akọrin wọn ti ń já létí ọwọ́. Ní ìkórè tó kọjá, nígbà tí wọ́n ń pe ìdílé kọ̀ọ̀kan bọ́ síwájú, tí àwọn ènìyàn ń mi àpòòwé tó wú lọ síbi pẹpẹ, iṣu ni Bàbá gbé sórí, àwọn àti ìyàwó wọn, wọ́n sì jó títí òógùn fi bò wọ́n. Mo gbọ́ ẹ̀rín lẹ́yìn mi. Ẹnì kan ní, "Iṣu náà ni wọ́n tún gbé wá." Ẹni tó sọ ọ́ mọ ara rẹ̀, ó sì ń ka ohun tí mò ń kọ yìí. Mi ò bá yín jà. Mo kàn fẹ́ kẹ́ ẹ mọ ẹni tẹ́ ẹ fi rẹ́rìn-ín.

Ibi iṣẹ́ ni Bàbá wà nígbà tí wọ́n rí ọ̀rọ̀ náà. Wọ́n gun ọ̀kadà wá. Símẹ́ǹtì ti gbẹ mọ́ wọn lápá, nọ́ọ̀sì ní láti nu ún léraléra kó tó rí iṣan. Wọ́n fa káàdì kan yọ nínú pọ́ọ̀sì, káàdì tó ti ń ṣá létí. O negative ló wà lórí rẹ̀, àti ọjọ́ gbogbo tí wọ́n ti fún àwọn tí wọn ò mọ̀ rí lẹ́jẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń ṣe é! Kò sẹ́ni tó mọ̀ nínú ìjọ. Kò sí ìsìn kan tí wọ́n ti dìde sọ ọ́. Ilé ìwòsàn yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò fún HIV, fún jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, fún rẹ́kórẹ́kó, wọ́n tún dà á pọ̀ mọ́ tèmi bóyá méjèèjì máa bá ara wọn gbé. Wọ́n fún Bàbá ní móòtì. Bàbá ò mu ún. Wọ́n gbé e fún ọkọ mi: "Ọmọ mi, o ò tíì jẹun látàárọ̀. Mu ú." Èyí ló ń pa mí lẹ́kún jù.

Lásìkò yẹn, àwọn alto ẹlẹgbẹ́ mi nínú ẹgbẹ́ akọrin ti dé ẹ̀yìn fèrèsé, wọ́n ń kọrin ìyìn. Nọ́ọ̀sì ní kí wọ́n kúrò nítorí àwọn aláìsàn yòókù, ó sì tọ̀nà. Wọ́n lọ síbi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí, wọ́n ń bá a lọ níbẹ̀. Mò ń gbọ́ wọn fírífírí. Ẹnu mi ò gbé e, ọkàn mi ló ń bá wọn dá a. Ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe torí pé wọ́n mọ̀ pé mo máa yè ni wọ́n ṣe ń kọrin. Wọn ò mọ̀. Ilẹ̀kùn ṣì wà ní títì nígbà tí Pọ́ọ̀lù àti Sílà ń kọrin ní ẹ̀wọ̀n Fílípì.

Páíńtì kan ò tó. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan láti ìjọ mìíràn ló fún mi ní èkejì, mi ò tíì rí ojú rẹ̀ títí di òní. Àbúrò mi, bí ọ̀rọ̀ yìí bá dé ọ̀dọ̀ rẹ, jọ̀ọ́, wá jẹ́ kí n dì mọ́ ọ.

Mo ń rántí ìtàn kan nínú 2 Sámúẹ́lì 23 ṣáá. Òùngbẹ ń gbẹ Dáfídì, ó ní ta ni ì bá fún òun ní omi kànga Bẹ́tílẹ́hẹ́mù mu. Akọni mẹ́ta la ibùdó àwọn Filísínì kọjá, wọ́n pọn ọ́n wá. Dáfídì kọ̀, kò mu ún, ó dà á sílẹ̀ fún OLÚWA, ó ní ẹ̀jẹ̀ àwọn tó fẹ̀mí ara wọn wewu ni. Èmi ò lè da tèmi sílẹ̀. Ó ti wọ ara mi. Òun ló ń sáré nínú mi bí mo ṣe ń kọ èyí, òun ló ń di wàrà tí ọmọ ń mu. Kí ni mo fẹ́ fi san án?

Nítorí náà, ẹ má sọ ohun tí àwọn kan ti ń kọ sí mi, pé torí pé mo máa ń dáwó, pé torí ìdámẹ́wàá mi, ni Ọlọ́run ṣe dá mi sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́ mọ́. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì tó kángun sí tèmi náà ń sin Ọlọ́run. Ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé òun ló ń ra ìwé fún àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ Ọjọ́ Ìsinmi wọn. Kò bá wa délé. Mi ò ní dúró lórí pẹpẹ kankan sọ fún ìyá yẹn pé ọrẹ ọmọ rẹ̀ ni kò tó. Mi ò fúnni kí Ọlọ́run lè jẹ mí ní gbèsè. Mo ń fúnni torí pé mo nífẹ̀ẹ́ rẹ̀, màá sì máa fúnni lọ, kí mọ̀lẹ́bí wa yẹn gbọ́ ọ dáadáa.

Ẹ̀yin aboyún tẹ́ ẹ ń kà mí, ẹ lọ mọ irú ẹ̀jẹ̀ tẹ́ ẹ ní lónìí. Bẹ́ ẹ bá jẹ́ negative, ẹ ti wá ẹni tó máa fún yín sílẹ̀ kí oṣù tó pé. Bí ọmọ bá sì jẹ́ positive, ẹ má jẹ́ kí wákàtí 72 kọjá lẹ́yìn ìbímọ láìgba abẹ́rẹ́ anti-D, èyí tí kì í jẹ́ kí ara ìyá kọ́ bó ṣe máa bá ẹ̀jẹ̀ ọmọ jà, nítorí oyún tó ń bọ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń sọ fún ènìyàn pé kó má gba ẹ̀jẹ̀ torí a ò mọ ohun tó wà nínú ẹ̀jẹ̀ ẹlòmíràn, mo bẹ̀ yín, ẹ dákẹ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ sì ń ná owó lórí ankárá ìkórè, tí ọmọ ọ̀dọ̀ yín ò tíì gbowó oṣù, ẹ kọ́kọ́ sanwó rẹ̀.

Ọjọ́ Ìsinmi tó ń bọ̀ la máa jó lọ síwájú fún ìdúpẹ́. Kò sí aṣọ ẹbí. Ẹ má gbé ẹ̀bùn wá fún ọmọ, ó ní aṣọ tó pọ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ ìlera máa wà ní gbọ̀ngàn ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn láti gba ẹ̀jẹ̀, Fíkà wa sì ti fọwọ́ sí i. Oṣù mẹ́ta mẹ́ta ni ọkùnrin lè fún ni, obìnrin oṣù mẹ́rin mẹ́rin. Ọkọ mi ló máa kọ́kọ́ jókòó. Ẹ jẹun dáadáa kẹ́ ẹ tó wá, ẹ mumi, kẹ́ ẹ sì wọ aṣọ tí apá rẹ̀ ṣeé ká sókè.