Òwú tó bọ́ lé Tanímọ̀la lẹ́sẹ̀

Ọjọ́bọ̀. Òjò wínníwínní ti ń rọ̀ lórí Abẹ́òkúta láti ìdájí. Kí n tó rí ọkọ̀ ní Ìtòkú, ọjà adìrẹ, aṣọ ara mi ti rin gbingbin. Ṣùgbọ́n mo gbọ́dọ̀ lọ. Ọjọ́ kẹtàdínlógún rèé tí Tanímọ̀la, ọmọ ajá kan, ti wà ní ibi ìtọ́jú àwọn ẹranko, mi ò sì tíì pa ọjọ́ kan jẹ.

Ìyá tó ń ta ọ̀gì lẹ́nu ọ̀nà ló sọ ọ́ lórúkọ. Nígbà tí a gbé e kọjá níwájú wọn, wọ́n wò ó títí, wọ́n ní, "Ọmọ mi, ṣé èyí á yè? Àbí, ta ní mọ̀la?" Orúkọ rẹ̀ nìyẹn.

Okùn ọ̀rá ni wọ́n fi so ó mọ́ ẹ̀yìnkùlé kan ní Láfẹ́ńwá láti kékeré. Ọrùn ọmọ ajá ń tóbi, okùn ò tóbi, kò sì sẹ́ni tó yẹ̀ ẹ́ wò. Níjọ́ tó dé, a ò rí okùn náà mọ́, ẹran ara ti bò ó. Mo di orí rẹ̀ mú, kò ké, kò gbó, kò gbìyànjú láti gé mi jẹ. Ògiri ló ń wò. Ìyẹn dùn mí ju egbò náà lọ.

Dókítà gún un ní abẹ́rẹ́ tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora, wọ́n fi omi iyọ̀ rẹ ojú egbò, wọ́n wá ń gé okùn náà, wọ́n ń yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, gẹ́lẹ́ bí a ṣe máa ń tú òwú tí a fi rán adìrẹ alábẹ́rẹ́ lẹ́yìn tó bá ti jáde nínú aró. Bí èèyàn bá kánjú, aṣọ á ya. Ọdún 14 ni mo ti ń tú òwú, mi ò rí ọwọ́ tó ní sùúrù tó bẹ́ẹ̀ rí.

Eyín rẹ̀ ni wọ́n fi mọ̀ pé ó ti tó oṣù 4: eyín ńlá ti ń rọ́pò eyín ọmọdé níwájú. Síbẹ̀ kò wúwo tó kílò 3. Wọ́n ká ètè rẹ̀ sókè fi èrìgì hàn mí, ó funfun bí ẹ̀kọ tútù. Eégbọn àti aràn ló ti pín ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ mu. Kúrúnà ti jẹ irun ẹ̀yìn rẹ̀ tán, ó sì lè ran èèyàn, nítorí náà ìbọ̀wọ́ la fi ń fọwọ́ kàn án lọ́sẹ̀ àkọ́kọ́.

Mo fẹ́ bọ́ ọ yó lọ́jọ́ náà. Dókítà kọ̀ fún mi. Ara tó ti pẹ́ nínú ebi, bí oúnjẹ púpọ̀ bá já lù ú lójijì, iyọ̀ inú ẹ̀jẹ̀ á dàrú, ọkàn sì lè dáwọ́ dúró. Ìrẹsì rírọ̀ àti adìẹ sísè, ṣíbí bíi mélòó kan, lẹ́ẹ̀mẹfà lójúmọ́. Mo fi omijé bù ú fún un. Abẹ́rẹ́ àjẹsára dìgbòlugi gan-an, a dúró kí ara rẹ̀ le ná.

Ẹ̀rù tó wà lára rẹ̀ ni oògùn kò kàn. Bí mo bá gbé ọwọ́ sókè, á dọ̀bálẹ̀, á tọ̀ sílẹ̀. Mo wá ń gbé aṣọ adìrẹ mi dání, mo ń jókòó sílẹ̀, mo ń kọ ẹ̀yìn sí i, mo ń rán aṣọ mi. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fa òwú gígùn yọ, ó sá wọ igun, ó ń gbọ̀n. Okùn ló rí. Láti ìgbà náà, mo ń gé òwú ní kúkúrú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ó ń fi iṣẹ́ falẹ̀.

Láàárọ̀ yìí, mo gbàgbé. Òjò ń dún lórí páànù, ọkàn mi wà lórí iṣẹ́ oníbàárà kan, mo fa òwú náà gùn, ó bọ́ mọ́ mi lọ́wọ́, ó já lé ẹsẹ̀ Tanímọ̀la. Mo di èémí mú. Ó wo òwú náà. Ó gbóòórùn rẹ̀, ó gbóòórùn ọwọ́ mi tí aró ti pa láró, ó sì gbé àgbọ̀n rẹ̀ lé etí aṣọ náà. Ìrù rẹ̀ lu ilẹ̀ lẹ́ẹ̀kan.

Fóònù mi ń dún láti Ìtòkú. Mi ò gbé e. Mo jókòó bẹ́ẹ̀ títí aago 11, mi ò fa aṣọ náà kúrò lábẹ́ rẹ̀.