Ẹ Jọ̀ọ́, Ẹ Fi Àkùrọ̀ Sílẹ̀ fún Ẹ̀fọ́

Mo lọ kí Màámi nífẹ̀ ní Sátidé, mo ní kí n yà ra ṣọkọ̀ lọ́wọ́ àwọn ìyá tó ń gbìn ín létí odò lọ́nà Ẹdẹ, bí mo ṣe débẹ̀ báyìí bíkónì, òpó kọnkéré tí wọ́n fi ń sàmì ààlà ilẹ̀, ni mo rí láàárín ebè. Katapílà ti gbá apá kan lọ. Ìyá kan tó ti ń dáko níbẹ̀ kí wọ́n tó bí mi jókòó sórí búlọ́ọ̀kù, wọ́n ní, "Ọmọ mi, wọ́n ti tà á." Ó dùn mí wọra.

Mi ò ní ká má kọ́lé o. Ifẹ̀ ń fẹ̀, láti ìgbà tí yunifásítì ti kó wá láti Ìbàdàn ní 1967 ni akẹ́kọ̀ọ́ ti ń wá yàrá, òṣìṣẹ́ ń wá ilé, àwa náà ń wá ilé. Àmọ́ gbogbo ilẹ̀ kọ́ ló rí bákan náà. Orí òkè tó jẹ́ yangí, ẹ kọ́lé síbẹ̀, fáúndéṣọ̀n á dúró. Àkùrọ̀ ní tiẹ̀, ọ̀rinrin rẹ̀ kì í tán, ibẹ̀ là ń jẹ lẹ́ẹ̀rùn nígbà tí oko òkè bá ti gbẹ, ẹ̀fọ́ o, ilá o, àgbàdo tútù o. Ẹni tó bá kọ́lé síbẹ̀, tójò bá ti ń rọ̀ dáadáa omi á wọ pálọ̀, ògiri á sán.

Òfin ilẹ̀ ti 1978 fi ilẹ̀ sọ́wọ́ gómìnà, ó ní kí ìjọba ìbílẹ̀ máa bójú tó ti ìgbèríko, òfin ètò ìlú ti 1992 náà ní kí ìpínlẹ̀ àti ìjọba ìbílẹ̀ ní pláànù. Ṣùgbọ́n ẹbí ló ń pe súfíyọ̀, kí ọ́fíìsì kankan tó gbọ́, ilẹ̀ ti lọ.

Àwa náà ṣe é. Oko kòkó bàbá àgbà wa, éékà 3, pulọ́ọ̀tì 18 la gé e sí, a ò tiẹ̀ yọ ojú ọ̀nà gidi, mo sì gba ìpín tèmi. Ká ní a rin ilẹ̀ yẹn lásìkò òjò ká tó pe súfíyọ̀, à bá rí ibi tómi ń gbà, à bá ní kó fi sílẹ̀ nínú léáòtù, ìyẹn àwòrán bí a ṣe pín ilẹ̀, ká yá àwọn ìyá wọ̀nyí lò.

Ó ku pulọ́ọ̀tì 2 létí odò. Ẹnì kan ti dá owó lé e, ìpàdé ẹbí di Sọ́ńdè tó ń bọ̀. Mo ti sọ fún bùọ̀dá mi àgbà pé mi ò ní fọwọ́ sí i.