Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́: yíyí kan ṣoṣo tó sọnù mọ́ mi lọ́wọ́

Ẹ̀yin àbúrò mi, ó ti pé ọdún mẹ́wàá báyìí tí mo ti ń fi télískóòpù rédíò ṣọ́ àwọn pulsar, ìyẹn òkú ìràwọ̀ tó ń yí, tí ìró rédíò ẹ̀ ń kàn wá ní gbogbo yíyí, àwọn tó ní ìràwọ̀ ẹnìkejì tí wọ́n jọ ń yí ara wọn ká. Nǹkan mẹ́ta ni mo fẹ́ sọ, torí lọ́sẹ̀ tó kọjá mo tún rí ẹnì kan nínú yín tó fẹ́ jìn sí kòtò tí mo jìn sí.

Àkọ́kọ́, ẹ yọ ìrìn ayé wa yí oòrùn ká kúrò nínú àkókò tí ìró pulsar ń dé ọ̀dọ̀ yín dáadáa. Lọ́dún 1991 onímọ̀ ìràwọ̀ Andrew Lyne àtàwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kéde pé pílánẹ́ẹ̀tì kan ń fi oṣù mẹ́fà yí pulsar PSR B1829-10 ká, àṣé ìrìn ayé wa ni wọn ò yọ dáadáa. Nígbà tó di 1992 ó jẹ́wọ́ níwájú gbogbo èèyàn, wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Mo gbà fún irú èèyàn bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀kejì, ẹ ka yíyí. Pulsar tèmi nígbà yẹn ń yí bíi ìgbà 25 ní sẹ́kọ́ńdì kan, a dẹ̀ ti ṣọ́ ọ fún ọ̀sẹ̀ díẹ̀ kí wọ́n tó ti télískóòpù pa fún àtúnṣe, oṣù mẹ́rin gbáko ni a ò rí nǹkan kan. Láàárín ìgbà yẹn ó ti yí ju ìgbà mílíọ̀nù 250 lọ, ó dẹ̀ yẹ kéèyàn mọ iye ẹ̀ géérégé láìku ẹyọ kan, bẹ́ẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ wa tó tún ń jìnnà nínú orbit ẹ̀, ọ̀nà tó ń gbà yí ká pẹ̀lú ẹnìkejì ẹ̀, ló ń mú kí ìró ẹ̀ yá, kó tún falẹ̀. Tí ọ̀kan bá sọnù, sọ́fíwià ò ní pariwo o! Ńṣe ló máa fa Pdot (bí yíyí ẹ̀ ṣe ń falẹ̀ sí i) àti ibi tí pulsar wà lójú ọ̀run síbí sọ́hùn-ún títí á fi bò ó mọ́lẹ̀. Residual mi, ìyàtọ̀ tó wà láàárín ìgbà tí ìró dé àti ìgbà tí mo ṣírò pé á dé, tẹ́ pẹrẹsẹ, inú mi dùn, mo fi Pdot yẹn ṣírò ọjọ́ orí ẹ̀, ó kéré, ni mo bá gbé odindi àlàyé kalẹ̀ lórí bí ìràwọ̀ méjèèjì ṣe bẹ̀rẹ̀, mo fi gbogbo ẹnu sọ ọ́ níwájú èrò.

Ọ̀gá obìnrin kan ní iwájú bi mí pé, "Ṣé o ti gbìyànjú kó o fi yíyí kan kún un, tàbí kó o yọ ọ̀kan?" Ẹnu mi gbẹ. Mi ò gbìyànjú ẹ̀ rí. Lálẹ́ ọjọ́ yẹn mo fi ọ̀kan kún un, òun náà tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí TOA (àkókò tí ìró dé) tuntun dé lóṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n bọ́ sórí ìlà tuntun yẹn gééré, wọ́n dẹ̀ ń sá kúrò lórí tèmi, ọ̀kan tẹ̀ lé ọ̀kan, lójú mi báyìí.

Ẹ̀kẹta, ọ̀gá tó ń kọ́ mi nígbà yẹn ti rí àwòrán yẹn lẹ́ẹ̀mẹta, wọ́n mọ̀, wọn ò sọ nǹkan kan. Wọ́n ní àwọn fẹ́ kí n fúnra mi rí i. Ó ṣì ń dùn mí dòní, mi ò dẹ̀ ní ṣe irú ẹ̀ fún yín. Ṣé ẹ mọ pé àkókò orbit pulsar tí Hulse àti Taylor ṣàwárí, wákàtí 7.75, ń dín kù ní bíi máíkrósẹ́kọ́ńdì 76 lọ́dọọdún? Ta ló máa rí ìyẹn tí kíkà bá ti já? Torí náà ẹni tí àlàfo dátà ẹ̀ bá ti tó oṣù kan, kó fi plot mẹ́ta ránṣẹ́ sí mi, ti iye tó kà, ti ọ̀kan kún un, ti ọ̀kan dín, kó tó kọ ọjọ́ orí kankan sórí sílàìdì.